Òórùn Ọbẹ̀ Lọ́wọ́ Abánikẹ́dùn

Ẹni tí ó bá ti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, tí ó sì tún yà sí ìhà ìlà-oòrùn, pápá ọ̀dàn ni yóò máa là kọjá: koríko gíga, àpáta ńlá ńlá, igi emi, àti igi igbá tí àwọn obìnrin ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú. Ọ̀nà yìí ni yóò gbé e dé Ìgbòho. Ní Ìgbòho, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Ọba. Aláàfin Ọ̀yọ́ mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀: Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé Òkè-Ògùn ni sàréè àwọn ọba Ọ̀yọ́ wà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni àwọn Tápà lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn Bàrìbá ni ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ. Nígbà tí ibẹ̀ kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn mọ́, wọ́n dìde láti padà sílé, ṣùgbọ́n wọn kò dé ilé. Òfinràn wàjà lójú ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e sì jókòó sí Ìgbòho, wọ́n ń ṣe ọba Ọ̀yọ́ níbi tí kì í ṣe Ọ̀yọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ìgbà Ìgbòho ni ogun àti ẹṣin, àti ọ̀rọ̀ Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ tí àwọn òpìtàn ń jiyàn lé lórí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ ogun níhìn-ín. Bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ kú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá náà ni Aláàfin Ajíbóyèdé, ọmọ náà sì ni àkọ́bí rẹ̀, Osemolu.

Inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni a ti rí ìtàn náà. Àwọn tí ó ka ìwé yẹn mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ la òfò kọjá. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé tí ó fọwọ́ kọ náà sọnù sí ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, òun pàápàá sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ìtàn Ajíbóyèdé kò gùn nínú rẹ̀. Ojú ewé díẹ̀ ni, ó sì rọrùn kí ènìyàn kà á kọjá.

Johnson kò ṣe ojúsàájú fún ọba yìí. Ó sọ pé ìjọba rẹ̀ yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ọba òǹrorò ni. Lájòmọ̀, ọba Tápà, gbógun tì í, ogun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Gbọ̀nkà rẹ̀ ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ aṣọ. Ọba gbé aṣọ ológun wọ̀, Gbọ̀nkà gbé aṣọ ọba wọ̀, àwọn ọ̀tá sì da ọfà bo Gbọ̀nkà títí ó fi kú. Báyìí ni ọba ṣe yè, tí Ọ̀yọ́ sì borí. Ajíbóyèdé kan náà ni ó kọ́kọ́ ṣe ọdún Bẹbẹ, ọdún ńlá tí ọba tí ìgbà rẹ̀ bá tura máa ń ṣe, tí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò wá bá a yọ̀. Mo mẹ́nu ba nǹkan méjèèjì yìí nítorí kí òǹkàwé lè mọ irú ẹni tí a ń sọ: ẹnìkan ti kú dípò rẹ̀ rí, ayé sì ti bá a yọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni Osemolu kú. Nígbà náà, àrẹ̀mọ ni ó ń jọba lẹ́yìn baba rẹ̀, nítorí náà ọmọ àti àrólé ni ikú gbé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbànújẹ́ bá ọba dé ibi pé kò jẹun mọ́. Ó gba ààwẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì àti àwọn ìjòyè wá sí ààfin láti bá a kẹ́dùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọba, ó gbọ́ òórùn oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Ó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun wá ni. Ọba gbà pé ẹ̀tàn ni ìkẹ́dùn wọn, pé àwọn tí inú wọn bàjẹ́ lóòótọ́ kò ní lè jẹun nígbà tí òun ń gbààwẹ̀. Ó bínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òórùn náà. Johnson kò sọ irú oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé Òkè-Ògùn mọ̀ pé ọwọ́ ni a fi ń jẹ òkèlè, àti pé ọbẹ̀ tí a fi irú sí kì í fi ọwọ́ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ènìyàn lè fi omi ṣan ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí òórùn rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ẹni tí ó yó lè má gbọ́ òórùn náà rárá. Ẹni tí ebi ń pa ni imú rẹ̀ ń là. Ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ mélòó kan, bí a bá gbé ọbẹ̀ kọjá ní agboolé kejì, yóò mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ìjòyè wọ̀nyẹn ṣe àìbìkítà. Wọ́n ṣe bí ènìyàn ṣe ń ṣe ní òwúrọ̀: wọ́n jí, wọ́n jẹun, wọ́n múra, wọ́n lọ kí ọlọ́fọ̀. Ọba ni ayé rẹ̀ ti dúró, ó sì rí i pé ti àwọn ẹlòmíràn ń lọ.

Ohun tí ó ń bí ọlọ́fọ̀ nínú nìyẹn, bí kò tilẹ̀ lè sọ ọ́ jáde. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú á gbọ́ tí ọlọ́jà ń polówó lójúde, á gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín lọ sí ilé-ìwé, á sì dà bí ẹni pé wọ́n ń bú òun. Èmi kò mọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ tí kò ní irú èrò yìí rí, bí ó ti wù kí ìwà rẹ̀ tutù tó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin tálákà àti Ajíbóyèdé ni pé tálákà kò ní idà.

Èdè wa gan-an ti fi ohun tí ọba ń bèèrè hàn. Òkú ni a ń dárò. Ẹni tí òkú kú mọ́ lọ́wọ́ ni a ń bá dárò. A ń bá a kẹ́dùn, a ń bá a sunkún, a ń bá a jókòó, a ń bá a sun ilé rẹ̀ kí òru má baà gùn jù fún un. Bí ikú bá sì ti ṣẹlẹ̀, a ó ní ọ̀fọ̀ bá a. Ohun búburú ń bá ènìyàn, ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì ń wá bá a. Ajíbóyèdé di ọ̀rọ̀ kékeré yìí mú, ó sì fà á ju bí ó ti yẹ lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí yóò bá òun kẹ́dùn gbọ́dọ̀ rí bí òun ti rí: kí ebi pa á bí ebi ṣe ń pa òun, kí ojú rẹ̀ jìn sínú bí ojú òun. Gbọ̀nkà ti bá a dé ojú ikú lẹ́ẹ̀kan. Bóyá ìyẹn ni ó jẹ́ kí ó rò pé ohun tí àwọn yòókù jẹ òun ní gbèsè nìyẹn. Èrò tèmi ni èyí. Johnson kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1917, Sigmund Freud, oníṣègùn ọkàn ará Austria, kọ àròkọ kan lórí ọ̀fọ̀ àti ìsoríkọ́. Ó ní iṣẹ́ ni ọ̀fọ̀ jẹ́ fún ọkàn: díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn ń tú ara rẹ̀ kúrò lára ẹni tí ó lọ, ó sì ń dùn ún. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àrùn tí àwọn àgbà wa ń pè ní lúkúlúkú pa Sophie, ọmọbìnrin Freud fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí ó kọ lẹ́yìn ìgbà náà kò fi hàn pé iṣẹ́ ọkàn náà parí fún un. John Bowlby, ará Ìlú Ọba, ni ó tún sọ ohun tí ó kan ìtàn wa jù. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1980 lórí òfò, ó fi hàn pé ìbínú jẹ́ ara ọ̀fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti pé ìbínú náà sábà máa ń dojú kọ àwọn tí ó wá tu ọlọ́fọ̀ nínú. Ọlọ́fọ̀ ń retí, ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀, kí ẹnìkan bá òun dá òkú padà. Ẹni tí ó wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú ń sọ fún un pé òkú kò ní padà. Ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní? Bowlby kò mọ Ìgbòho, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka ìtàn Ajíbóyèdé fún un, n kò rò pé yóò yà á lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ọba ní ìbéèrè kan tí àwọn ìjòyè rẹ̀ kò lè bi í. Bí gbogbo Ìgbòho bá gbààwẹ̀, ta ni yóò dáná? Mo bá ọ̀fọ̀ pàdé ní agboolé kan ní Ìṣẹ́yìn ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Òfì dákẹ́ ní agboolé náà. Àwọn ahunṣọ kò jókòó sí ìdí iṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin kan bí ni ó kú, obìnrin náà kò sì fi nǹkan kan sẹ́nu láti ọjọ́ kejì. Àwọn tí ó yí i ká ń sunkún, wọ́n ń sọ fún un pé kí ó gba kámú, kí ó rántí Ọlọ́run. Kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú igbá. Kò kí i, kò sì sunkún. Ó jókòó tì í, ó mu nínú ẹ̀kọ náà lójú rẹ̀, ó mu ún dáadáa, bí ẹni tí ó wá jẹun. Lẹ́yìn náà ni ó gbé igbá náà sí i lẹ́nu. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, mu ún. Bí o kò bá jẹun, ta ni yóò bá wa sunkún ọmọ náà?” Obìnrin náà mu ẹ̀kọ. Lẹ́yìn tí ó mu ún tán ni ẹkún tó wá, ẹkún gidi, èyí tí kò lè sun láti òwúrọ̀.

Òórùn oúnjẹ wà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Òórùn náà gan-an ni ó gbé wọlé.

Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìṣẹ́yìn àti ní Ṣakí, àwọn àlùfáà wọn sì mọ ìtàn Jáfárì, ọmọ arákùnrin baba Ànábì Muhammad, tí ó kú lójú ogun Mútà ní ọdún 629. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé Mẹ̀dínà, Ànábì pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárì, nítorí ohun tí ó dé bá wọn ti gba ọkàn wọn kúrò níbi oúnjẹ. Àṣẹ yìí yé mi dáadáa. Ó gbà pé ọlọ́fọ̀ kò ní lè dáná, ó sì gbà pé àwọn aládùúgbò yóò lè ṣe é. Ẹni méjèèjì kò gbọdọ̀ wà ní ipò kan náà. Ó sàn láti rántí èyí ní ìgbà tiwa, tí ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀ ń yá owó se ìrẹsì fún ọgọ́rùn-ún àlejò, tí ó ń dá aṣọ ẹbí, tí ó sì ń jókòó ti gbèsè nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ. Ìdáná ti yí ojú padà sí ẹni tí ó yẹ kí a máa dáná fún. Àṣà náà bọ́ sí i fún òkú àgbà, nítorí ìyẹn kì í ṣe ọ̀fọ̀, ìnáwó ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún òkú ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ojú sì tì mí.

Àlùfáà Mùsùlùmí ni ó dá Ajíbóyèdé dúró. Johnson sọ pé ìròyìn ohun tí ọba ń ṣe dé ilẹ̀ Tápà, àlùfáà kan níbẹ̀ sì rán àwọn ènìyàn sí i láti bá a wí. Baba Kéwú ni wọ́n ń pe àlùfáà náà, ọmọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ilẹ̀ Yorùbá fẹ́ràn ibí yìí, nítorí ó wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ gbúròó Mùsùlùmí ní ààfin Ọ̀yọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí mi ni ibi tí wọ́n ti wá. Tápà ni ó lé Ọ̀yọ́ kúrò nílé. Tápà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọba yìí lójú ogun. Ilẹ̀ àwọn ọ̀tá ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ ti wá, bóyá nítorí pé kò sí ẹnìkan mọ́ ní ilé tí ó lè sọ ọ́ kí orí rẹ̀ má kúrò lọ́rùn.

Ohun tí wọ́n sọ kò gùn. Wọ́n ní ikú Osemolu jẹ́ ikú tí Ọlọ́run fi pa á, kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run ni kí ọba máa pa aláìṣẹ̀ láti fi gbẹ̀san ọmọ tí Ọlọ́run mú lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ fún ọba pé kí ó má sunkún mọ́, wọn kò sì ní kí ó jẹun. Wọ́n ya nǹkan méjì tí ọba ti so pọ̀ sọ́tọ̀: ikú ọmọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀bi ènìyàn lọ́tọ̀.

Ó dá mi lójú pé ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀fọ̀ kì í fẹ́ wà láìní ọ̀daràn. Bí arúgbó bá kú, a ó ní ó lọ sinmi, bí ọ̀dọ́ bá kú, ìbéèrè tí ó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni, “Ta ni ó ṣe é?” A ó wo ìyàwó, a ó wo ìyekan, a ó wo ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé ní kọ̀rọ̀ agboolé, tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ nígbà kan tí a sì ti gbàgbé bí ó ṣe sunkún. Ìbànújẹ́ tí kò rí ibi gbé ara lé á gbé ara lé ẹni tí kò lágbára. Ajíbóyèdé kò fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn oúnjẹ ni ó fi kan wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni méjèèjì gbà jáde láti inú. Àwọn tí wọ́n ń lé àwọn ìyá arúgbó kúrò nílé nítorí ikú ọmọdé, bí a bá wò wọ́n dáadáa, ọlọ́fọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn búburú kí ọ̀fọ̀ náà tó ṣẹ̀ wọ́n. Mo sọ èyí láìfi ṣe àwáwí fún wọn. Ẹni tí wọ́n lé jáde kò ní ibi tí yóò lọ.

Ọba ronú sí ọ̀rọ̀ àwọn ará Tápà. Johnson sọ pé ó pe ìpàdé gbogbo ìlú, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìjòyè àti gbogbo ènìyàn ní gbangba fún ohun tí ó ti ṣe. Mo ti wá inú ìtàn àwọn ọba wa láti rí irú rẹ̀, n kò sì rí púpọ̀. Ọba tí ó ṣi agbára lò ní Ọ̀yọ́, ikú ni àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń fi ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe àǹfààní láti bẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀rù ọ̀tẹ̀ ni ó mú un bẹ̀bẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kò ní kí ọba pe gbogbo ìlú. Ó lè fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ilé àwọn tí ó ṣẹ̀ ní òru. Ohun kan ni ó ń dùn mí nínú ìtàn náà títí di òní: orúkọ Osemolu wà nínú ìwé, a kò sì rí orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tí wọ́n pa nítorí pé wọ́n jẹun. Àwọn náà ní bàbá. Bóyá bàbá wọn pẹ̀lú kò lè jẹun.

Ọ̀rọ̀ jíjókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, láìdà bí i rẹ̀, tún jáde ní ilẹ̀ wa ní ọ̀nà mìíràn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí wèrè ní Nàìjíríà ní 1916 kò mọ̀ ju àtìmọ́lé lọ. Ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, a ó mú un kúrò láàrin ènìyàn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Birmingham àti Lọ́ńdọ̀nù, padà wá sí ilé ìwòsàn Arò. Ó rí i pé ó burú láti gé aláìsàn kúrò lára ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, ó sì fi lélẹ̀ pé ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, kí ó máa bá a gbé, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó gba àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn jákèjádò ayé wá wo ètò náà. Ìbátan tí ó bá aláìsàn wá sí Arò kò sínwín. Àǹfààní rẹ̀ gan-an ni pé kò sínwín: ó mọ ìgbà tí ọbẹ̀ jinná, ó mọ ọ̀nà ọjà, ó sì mọ orúkọ tí a fi ń pe aláìsàn ní ilé.

Arò yìí kan náà ni àwọn olùwádìí láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣe olórí wọn, bá Lámbò ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1963 lórí àìsàn ọkàn láàrin àwọn Yorùbá. Wọ́n ròyìn pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn tí àwọn òyìnbó ń pè ní depression, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ wọ́n: ẹkún tí kò dá, àìlèjẹun, àárẹ̀, ìrònú àníjù, kí nǹkan ayé má wu ni mọ́. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé èdè wa kò kún tó. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí Johnson gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ti ka àwọn àmì wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá láti Cornell. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ náà sì ń sọ ìtàn yìí: Rẹ̀mílẹ́kún, Ẹkúndayọ̀, Dúrójayé, Málọmọ́. Ìyá tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Rẹ̀mílẹ́kún ń jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ayé pé ẹkún ti wà ní ilé yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà yóò gbé ẹ̀rí náà kiri títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ní 1991 ni ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, Òkè-Ògùn sì kù sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìgbèríko tí ó jìnnà jù sí Ìbàdàn. Títí di òní, ìrìn-àjò gígùn ni láti Ìgbòho sí ilé ìwòsàn tí a ti lè rí oníṣègùn ọkàn. Òfin tuntun lórí ìlera ọkàn rọ́pò ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 2022, ọ̀fọ̀ tí kò lọ wọ inú ìwé tí àwọn oníṣègùn àgbáyé fi ń ka àìsàn. Àjọ ìlera àgbáyé fi oṣù mẹ́fà ṣe òdiwọ̀n, àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún kan fún àgbàlagbà. Inú mi dùn pé ẹni tí ọ̀fọ̀ bá dè mọ́lẹ̀ lè rí ìtọ́jú gbà, láìjẹ́ pé wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Síbẹ̀ mo ń bẹ̀rù òdiwọ̀n náà díẹ̀. Ìyá Ìṣẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdún kẹta lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ ni mo tún rí i. Ó ti padà sí ìdí òwú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ná owó aṣọ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Nígbà tí mo dárúkọ ọmọ náà, ó kàn yí ojú sí ògiri, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí iye aṣọ. N kò mọ ojú ewé tí wọn yóò kọ ọ́ sí.

Ajíbóyèdé wàjà ní Ìgbòho. Abípa ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, òun sì ni ó kó Ọ̀yọ́ padà sí ilé. Ó ní àwọn tí kò fẹ́ lọ. Johnson sọ pé àwọn ìjòyè tí wọ́n ti ní ilé àti oko sí Ìgbòho rán àwọn abuké, afín àti arọ lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ní òru, kí wọ́n máa hó, kí wọ́n máa fi iná ṣeré bí ọ̀rọ̀, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Abípa rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n mú gbogbo wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ẹrù: ẹṣin, ìlù, òrìṣà, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ọba mẹ́rin inú Igbó Ọba ni wọn kò kó. Àwọn ará Ìgbòho ni ó ń bójú tó wọn.